Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Ilẹ̀: Ọ̀rọ̀ Bẹ́ẹ̀dì Òdòdó Mẹ́rin Kan l'Ábẹ́òkúta

Ìparí oṣù Kẹwàá ni wọ́n pè mí. Màmá kan tó ni gbọ̀ngàn àríyá lápá Ìdí-Àbá ni, ohùn wọn kò sì dùn rárá. "Ọ̀gá olódòdó, ẹ wá wo nǹkan tí mo fi owó mi gbìn." Wọ́n ti gba owó ìgbéyàwó mẹ́ta sílẹ̀ fún oṣù Kejìlá. Iwájú ògiri funfun kan ni àwọn ìyàwó ti máa ń ya fọ́tò, òdòdó iwájú ògiri yẹn gan-an ló sì ń rọ tó ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 6, ó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Èyí ni màá máa pè ní bẹ́ẹ̀dì kìíní àti ìkejì. Ìkẹta àti ìkẹrin wà níwájú ògiri fọ́tò, nítòsí ilé ìdáná. Ẹ fi ilé ìdáná yẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà gbin zinnia, balsam, vinca àti celosia, irú celosia tí orí rẹ̀ rí bí ogbe àkùkọ. Ọmọ ìyá ṣọkọ yòkòtò tí à ń fi se ọbẹ̀ ni celosia yìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò Abẹ́òkúta: yanrìn tó dà pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, àpáta kò sì jìn sísàlẹ̀. Omi tí ẹ bá bù sí i láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti wábi gbà. Òhòòhò ni ilẹ̀ náà wà, kò sí ohun kankan tó bò ó. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ń fi rọ́bà bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, omi náà ń lu ilẹ̀, ilẹ̀ ń ta sára ewé. Gbogbo ewé ìsàlẹ̀ zinnia ti ní àmì dúdú-dúdú, àmì náà sì ti ń gòkè bọ̀.

Mo wò ó, mo ní òùngbẹ ni. N kò wo ìdí ọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa tó ń gbin iṣu nínú ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí oòrùn má baà se iṣu mọ́nú ilẹ̀. Ìbolẹ̀ náà nìyẹn, tí àwa oníṣẹ́ ọgbà ń pè ní mọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún Màmá pé a ó bo bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní kí n má pa àwọn lówó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìyẹ̀fun pákó nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ará sọ́ọ̀mìlì ń fi í fúnni, owó kẹ̀kẹ́ Márúwá nìkan lèèyàn máa san. Àpò 14 la kó dé. Mo ní kí ọmọkùnrin náà dà á sí i kó nípọn dáadáa. "Kó nípọn" yìí ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn ún wò. Dípò ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń bomi rin ín. Àmì dúdú ara zinnia kò gòkè mọ́, nítorí pé ilẹ̀ kò rí ọ̀nà ta sára ewé mọ́. Ewé tuntun tó yọ mọ́ tónítóní. Màmá pè mí láti dúpẹ́. Mo gba ọpẹ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni bẹ́ẹ̀dì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ọsàn. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà tòkè tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀dì kìíní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a da ìyẹ̀fun pákó kan náà sí lọ́jọ́ kan náà, ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá ó ṣe ohun kan sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Nígbà tó yá ló ní, "Ọ̀gá, mo rí i pé ó ti dì bí ẹní, omi ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ ni, kò wọlé. Mo wá fi ọkọ́ yí i pọ̀ mọ́ ilẹ̀."

Ohun tó rí, òótọ́ ni. Ìyẹ̀fun pákó tó kúnná, tí a dà nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, máa ń dì lórí débi tí omi kò ní lè gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tó ṣe sí i ló ba nǹkan jẹ́. Kábọ́nù inú ìyẹ̀fun pákó tútù fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan ju náítírójìn (oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù) inú rẹ̀ lọ. Àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń sọ igi di ilẹ̀ nílò náítírójìn kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́. Bí wọn kò bá rí i nínú igi, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti máa fà á, wọ́n á sì fà á lẹ́nu gbòǹgbò òdòdó. Bí ìyẹ̀fun náà bá jókòó sórí ilẹ̀, ibi tó ti kan ilẹ̀ nìkan ni ìjà yìí ti ń ṣẹlẹ̀, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá wá yí i mọ́ ilẹ̀, a ti gbé ìjà náà lọ bá gbòǹgbò nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí bẹ́ẹ̀dì kìíní fi tutù tí ìkejì fi pọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò kan náà ni wọ́n ti jáde.

N kò bá ọmọ náà wí. Èmi ló yẹ kí wọ́n bá wí, torí n kò sọ fún un pé orí ilẹ̀ ni nǹkan yẹn máa ń gbé. A fi réèkì kó èyí tí a lè kó kúrò. A po ṣíbí ọbẹ̀ kan ajílẹ̀ yúríà mọ́ omi lítà 10, a bù ú sídìí òdòdó, a tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Fún ìbolẹ̀, a gé ewé jogbo, òdòdó yẹ́lò tó ga gọ̀gọ̀rọ̀ tó ń hù bí ìgbẹ́ lẹ́bàá títì wa gbogbo, tí àwọn míì ń pè ní agbálé. A gé e kó tó so èso, a tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, nítorí pé ewé rẹ̀ ní náítírójìn dáadáa, ó sì tètè ń jẹrà. Ìyàngbò ìrẹsì ọ̀fàdà la dà lé e, kò ju ìka méjì lọ ní nínípọn. Ìyàngbò kì í tètè jẹrà, kì í sì í dì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́, atẹ́gùn ń gbé e. Àfi kéèyàn wọ́n omi sí i ní kété tó bá dà á tán. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀dì kejì ti padà bọ̀ sípò.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, n kì bá tí kọ ọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹrin ni wàhálà kù sí. Ẹnikẹ́ni kò yí ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ celosia ibẹ̀ kò dàgbà. Láàárọ̀ wọ́n á dúró ṣánṣán. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, wọ́n á tẹríba bí ẹni tí wọ́n bú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún dìde. Mo fi ọwọ́ sábẹ́ ìbolẹ̀, ilẹ̀ tutù, omi wà. Mo ní ògiri funfun yẹn ló ń da ooru padà sí wọn lára. A ta nẹ́ẹ̀tì lé wọn lórí, kò yí nǹkan kan padà. Mo tún ní bóyá omi ti pọ̀ jù lábẹ́ ìbolẹ̀ ni. A dín omi kù, ó burú sí i.

Màmá ló mú ọ̀rọ̀ ìgbìnpọ̀ wá. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé bí èèyàn bá gbin marigold sáàárín òdòdó, kòkòrò kò ní sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ láàárín àwa oníṣẹ́ yìí náà ni, èmi fúnra mi sì ti sọ ọ́ fún àwọn èèyàn láìmọye ìgbà láì bi ara mi pé kòkòrò wo. A fi marigold kọ̀ọ̀kan sáàárín òdòdó márùn-ún-márùn-ún, a sì to efinrin sí etí bẹ́ẹ̀dì, nítorí òórùn rẹ̀. Ó rẹwà. Celosia kò sì yí ìwà padà. Ọmọkùnrin náà, tí òun náà ti gbọ́ ìròyìn marigold, tún ń já orí èyí tó bá ti gbẹ, ó ń fọ́n ọn sórí ilẹ̀ bí ìbolẹ̀ kó lè "ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì".

Oṣù Kejìlá dé bá wa lójú ọ̀nà. Ohun tí a ṣe kò yẹ ní sísọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: a ra òdòdó tó ti tanná nínú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, a ri ọ̀rá mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, a fi ìyàngbò bò ó. Fọ́tò dára, àwọn ìyàwó lọ sílé wọn. Nígbà tí ọyẹ́ mú, àwọn kòkòrò pupa tíntìntín tó ń hun òwú bí aláǹtakùn bo marigold wa, èyí tí wọ́n ní ó ń lé kòkòrò. Irú kòkòrò yìí fẹ́ràn marigold púpọ̀, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti eruku. Ikán náà gba abẹ́ ìyẹ̀fun pákó bẹ́ẹ̀dì kìíní lọ síbi igi ẹnu géètì, a sì sáré kó gbogbo ìyẹ̀fun náà dànù.

Ìyá alásè ló la ojú mi. Oṣù Kínní ń lọ sópin, mo dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì kẹrin, mo ń mi orí. Ìyá náà jáde láti da omi ìfọbọ́, ó ní, "Ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n gbin ewédú padà síbẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń já ewédú, ṣọkọ àti ilá fún ọdún mẹ́ta kí Màmá tó ní àwọn fẹ́ òdòdó." Mo bi í bóyá ilá náà ṣe dáadáa. Ó ní, "Ọdún àkọ́kọ́, ó ṣe dáadáa. Nígbà tó yá, kì í ga mọ́. Tó bá di ọ̀sán, á máa rọ."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa celosia kan tu.

Gbòǹgbò rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí a sín ní ìsínkúsìn-ín: kókó ńlá, kókó kékeré, kókó tó dì mọ́ra. Mo fa balsam tu, bákan náà. Èmi tí mo ti ń rìn yí bẹ́ẹ̀dì yẹn ká fún oṣù mẹ́ta, tí mo ti ta nẹ́ẹ̀tì, tí mo ti dín omi kù, tí mo ti fi kún un, n kò tíì fa ẹyọ kan tu rí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Aràn inú ilẹ̀ ni, nematode, irú èyí tó ń sọ gbòǹgbò di kókó. Ojú lásán kò lè rí i nínú ilẹ̀. Á wọ inú gbòǹgbò, á jókòó síbẹ̀, gbòǹgbò á wú yí i ká, ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè á sì dí. Ìdí nìyẹn tí òdòdó fi ń rọ lọ́sàn-án nígbà tí omi wà nídìí rẹ̀. Ewédú, ilá àti ṣọkọ wà lára àwọn ohun tí aràn yìí fẹ́ràn jù. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bọ́ ọ níbẹ̀, àwa náà wá gbin celosia, ọmọ ìyá ṣọkọ, lé e lórí. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí lè rò pé kókó bíi ti gbòǹgbò ẹ̀pà ni. Kókó ẹ̀pà, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló ń dúró sí, ẹ lè fi ìka ha á kúrò. Èyí kò ṣeé ha, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú.

Ìbolẹ̀ wá ńkọ́? Kò dá àìsàn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a fara pamọ́. Ká ní ilẹ̀ wà ní òhòòhò ni, òdòdó yẹn ì bá ti kú ní oṣù Kọkànlá, à bá sì ti wú u wò. Ọ̀rinrin abẹ́ ìbolẹ̀ ló jẹ́ kí gbòǹgbò tó ti bàjẹ́ máa rí díẹ̀ mu, kò kú, kò yè, a sì ń wá ẹ̀sùn sí ògiri lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fa marigold kan tu, èyí tó wà láàárín celosia méjì tó ń ṣàìsàn. Gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ fúnfún, kò sí kókó kan níbẹ̀. Celosia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn rẹ̀. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí búlọ́ọ̀kù, mo ń wò wọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa marigold kì í ṣe irọ́, àwa la kò gbọ́ ọ parí. Èròjà kan wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alpha-terthienyl, aràn tó bá wọ gbòǹgbò náà kì í sábà rí ibi sá sí. Gbòǹgbò tó wà láàyè ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibi tí gbòǹgbò náà bá dé ló sì ń ṣe é dé. Kò lè ṣọ́ aládùúgbò rẹ̀. Òdòdó gbígbẹ tí ọmọkùnrin wa ń fọ́n sórí ilẹ̀ kò sì lè ṣe nǹkan kan fún aràn tó wà nísàlẹ̀.

Láti jẹ́ kó ṣiṣẹ́, àfi kí marigold gba gbogbo bẹ́ẹ̀dì fún bí oṣù 2, kó dí pa, kí a tó gbin òdòdó míì síbẹ̀. Màmá kò kọ́kọ́ gbà. "Ṣé marigold nìkan ni kí n máa wò fún oṣù méjì? Ẹ ti kọ́kọ́ gba owó kẹ̀kẹ́ ìyẹ̀fun pákó, ẹ gba ti nẹ́ẹ̀tì." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé èmi yóò ra irúgbìn náà fúnra mi, àti pé àkókò ààwẹ̀ ń bọ̀, àríyá kì í pọ̀ nígbà náà. Wọ́n gbà.

Ní àárín oṣù Kẹta, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, a kó gbogbo ohun tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹrin jáde títí kan gbòǹgbò, a sun ún. Marigold kúkúrú, Tagetes patula, la gbìn, ọ̀kan sí èkejì kò ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Kò sí koríko tí a fi sílẹ̀, torí aràn yìí lè gbé inú gbòǹgbò koríko títí marigold yóò fi lọ. Ibì kan ṣoṣo ni a kò gbìn: igun mítà kan ní òpin bẹ́ẹ̀dì kẹrin, níbi tí àwọn oníná ti gbẹ́ ilẹ̀ fún wáyà tí wọn kò sì padà wá dí i fún ọ̀sẹ̀ méje. Inú bí mi sí wọn. Kò yẹ kó bí mi.

Ní àárín oṣù Karùn-ún, a gé marigold, a ro ó mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná, a fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù Kẹfà la gbin zinnia àti celosia, a sì gbin celosia sí igun oníná náà. Ìyàngbò ìrẹsì ni ìbolẹ̀, ìka méjì, ó sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òdòdó ní ìbú ọwọ́ kan. Ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọkùnrin náà gbàgbé, ó kó ìyàngbò rọ̀gbà yí ẹsẹ̀ vinca ká lásìkò tí òjò oṣù Keje ń rọ̀ lójoojúmọ́. Márùn-ún jẹrà ní ọrùn. Vinca kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun rin. Ọ̀kùn àti ìgbín kéékèèké náà gba abẹ́ ìbolẹ̀ ṣe ilé, a sì fa ìbolẹ̀ náà tín-ín-rín títí òjò fi dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ.

Ní oṣù Kẹjọ yẹn, mo fa celosia mẹ́rin tu níbi tí marigold ti wà, mo fa méjì ní igun oníná. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ga dé ìbàdí mi, kókó wà lára gbòǹgbò wọn, ṣùgbọ́n ó kéré, ó jìnnà síra. Méjì ti igun oníná kò kọjá orúnkún, ìlẹ̀kẹ̀ sì kún wọn bíi ti oṣù Kínní. Aràn náà kò tán, kò sì ní tán. Bí a bá ń gbin ohun tó fẹ́ràn lé e lórí, á tún pọ̀. Mo sọ fún Màmá pé lọ́dọọdún, lásìkò ààwẹ̀, ilé marigold ni bẹ́ẹ̀dì méjì yẹn, celosia kò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọdún méjì tẹ̀léra.

Nísinsìnyí, kí n tó bo bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni, mo máa ń fa èyí tó rí jákujàku jù tu níwájú oní-ǹkan. Bí gbòǹgbò bá mọ́, a ó sọ̀rọ̀ ìbolẹ̀. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìdáná kí n tó lọ bá ẹni tó ni ilé, torí ìyá alásè ló máa ń mọ ohun tí wọ́n ti jẹ lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní kí n gbin marigold kọ̀ọ̀kan sáàárín òdòdó, mo ń gbìn ín fún un, torí ó rẹwà, ṣùgbọ́n n kì í pè é ní oògùn mọ́.

Ìyá alásè kò gbàgbé ewédú rẹ̀. Mo ní kó gbìn ín sínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilé ìdáná, kó má fi ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó fa ọ̀kan tu, ó gbé e wá fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ọ̀gá, ẹ wá wo tèmi." Mo yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, kéékèèké.

"Mà, níbo lẹ ti bu yẹ̀pẹ̀?"

"Mi ò débi bẹ́ẹ̀dì yín o," ó ní, ó nawọ́ sí igun òpin ògiri. "Òkìtì tí àwọn oníná kó jáde yẹn ni mo bù."